Ọgbà Gbàmáfún Láàárín Òkun

Ẹ fà mọ́ra kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbà yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò tó da ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ ló da ọmọdé àti àgbà pọ̀ sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án yìí, kò sì sí ẹni tó lè lọ sóko mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Láti ìkórè èṣí ni ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n sọ ìtàn irùngbọ̀n tó wà lókè àjà mi yẹn, èyí tí eku kò jẹ, tí ikán kò sì fọwọ́ kàn. Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi o, nítorí ìtàn ìgbẹ̀san ni, inú sì máa ń bí mi nígbà tí mo bá ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́kúnlé ọmọ Ajíbọ́dẹ, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń kọ́kọ́ kí kó tó sá. Nígbà tí mo wà ní géńdé, tí mo bá wúkọ́ nísàlẹ̀ odò, ìnàkí tó wà lókè odò á kó ọmọ rẹ̀ wọlé. Ìwọ Mákànjúọlá, má rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rí yìí kọ́ ni mo ṣe rí nígbà náà.

Láyé ìgbà náà, kò sí ilé kan ní Òkè-Ìṣápá yìí tí kò ní ọgbà lẹ́yìnkùlé. Àwọn obìnrin wa mọ ilẹ̀ẹ́ lò. Tẹ̀tẹ̀ á wà níbí, ṣọkọ á wà lọ́hùn-ún, gbúre àti ebòlò á wà níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ewúro á sì dúró létí ọgbà. Ṣùgbọ́n ọgbà Ọlátóún ìyàwó mi ló borí gbogbo wọn. Efinrin rẹ̀ nìkan, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ, ẹni tó ń ti odò bọ̀ á mọ̀ pé òun ti sún mọ́lé. A sì ní àṣà kan tí ẹ̀yin náà mọ̀: a kì í fi irúgbìn du ẹni tó bá tọrọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ̀ka kan lọ gbìn, ọwọ́ ara wa la fi ń gé e fún un, a ó sì sọ pé, "Máa mú un lọ, kó yè lọ́wọ́ rẹ." Àṣà tó dára ni. Àṣà tó dára náà ló sì kó bá wa.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà nínú ìgbẹ́, bàbá arúgbó kan wọ̀lú. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé orúnkún, ó tutù bí ewé, ewé kéékèèké sì ń hù nínú rẹ̀. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń tẹrí ba fún àwọn obìnrin tí kò tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ ta mí lọ́rẹ ẹ̀ka kan. Ọgbà ni mo ń dá, n kò ní irúgbìn." Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Wọ́n fún un. Ọlátóún náà gé efinrin fún un, ó ní, "Ẹ máa mú un lọ, Bàbá, kó yè lọ́wọ́ yín." A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wá gbà. Iwin ni. Gbàmáfún lorúkọ rẹ̀. Ewé tí wọ́n bá fi ọwọ́ àti ẹnu yọ̀ǹda fún un báyìí, ẹ̀mí gbogbo irú ewé náà tó wà nílùú ló ń bá a lọ. Kí ọjọ́ méje tó pé, ọgbà wa ti gbẹ. Ìbẹ́pẹ wó lulẹ̀. Ewúro pàápàá di igi ìdáná.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ibà wọ̀lú. Ọmọ mi obìnrin, Ìbíwùmí, ọmọ ọdún méje, òun ni ibà náà kọ́kọ́ mú. Ọmọ yìí ló máa ń gba àpò lọ́wọ́ mi tí mo bá tìgbẹ́ dé, tí yóò máa pe orúkọ ẹran inú rẹ̀ sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Ìyá rẹ̀ sáré lọ sẹ́yìnkùlé, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó yí gbogbo ìlú ká, ó ń wá ewé kan ṣoṣo tí yóò sè fún ọmọ mu, kò rí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ìbíwùmí kú lórí ẹsẹ̀ mi. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Nígbà tí mo sin ín tán, mo fi ahọ́n kan àdá mi, mo búra pé n kò ní í gbádùn ilé mi mọ́ títí n óò fi rí òkú Gbàmáfún. Inú mi kì í ṣe pé ó bàjẹ́ mọ́, gbígbóná ló ń gbóná. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí mo ti ń di àpò mi, àwọn obìnrin ìlú péjọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Mosúnmọ́lá, aládùúgbò wa, tí ọmọ tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ló gbẹnu sọ fún wọn. Ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, a ò ní kí ẹ má jà. Àmọ́ irúgbìn ni kí ẹ bá wa gbà wá o. Àwọn ọmọ tó kù wà nílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, àpò mi yóò kún." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà tí mo gbà. Ẹsẹ̀ ẹni tínú ń bí kì í mọ òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo kàn bá ara mi nínú Igbó Òdì ni, níbi tí àwọn òkú tó bá ènìyàn yodì títí wọ́n fi kú ń gbé. Ẹ̀gún ibẹ̀ ń ṣépè. Òkúta ibẹ̀ ń kùn. Iwin ẹlẹ́nu mẹ́ta kan fò sí mi lọ́nà: ẹnu kan ń bú mi, èkejì ń bú bàbá mi, ẹ̀kẹta ń bú ẹnu méjì yòókù. A wọ̀yá ìjà. Ó gbé mi lulẹ̀, mo gbé e lulẹ̀. Ó ki orí mi bọ ẹrẹ̀, mo ki orí tirẹ̀ bọ ihò òkété. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo kàn rọra bi àwọn ẹnu náà pé èwo nínú wọn ló mọ èébú jù. Wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ pé títí di òní wọn kò tíì parí ẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, kí lẹ̀ ń wò?

Níbi tí igbó náà parí sí, ìyá arúgbó kan jókòó lórí kùkùté. Apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, apá kejì jẹ́ èèpo igi. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í kọjá láìjá àlọ́ òun.

Ó ní, "Ààlọ́ o."

Mo ní, "Ààlọ̀."

"Ọba kan wà tí kò nílẹ̀. Orí ilé onílé ló kọ́ ààfin sí. Ó jẹ ilé, ó jẹ onílé. Kí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń pa irú àlọ́ yìí fún ọdẹ? Mo ní, "Àfòmọ́ ni. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan."

"O já a, ó ku ìdajì. Nígbà tí ọba náà jẹ onílé tán, níbo ló lọ?"

Mo ní, "Ìyá, ìyẹn ò kàn mí. Ibi tí mò ń lọ ló ń kán mi lójú."

Ó wò mí títí. "Ìbínú ò da nǹkan fúnni, Ọdẹ́kúnlé."

Mo ní, "Sùúrù náà ò jí ọmọ mi."

Ó yà fún mi lọ́nà, ó ní ibi tí mò ń lọ ni n óò ti já ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọjá lọ, mo rí igi ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àfòmọ́ ti bò mọ́lẹ̀, tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni ọgbọ́n là sí mi nínú. Àdá lè gé igi kan, ó lè gé mẹ́wàá, àfòmọ́ ni yóò pa odindi ọgbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo. Mo ká èso rẹ̀. Ẹ mọ èso yẹn, ó máa ń lẹ̀ bí àtè, òun ni ẹyẹ ń jẹ tó fi ń nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka igi. Mo rọ ọ́ kún àdó kan, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ọjọ́ náà ni mo tún kọrin fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú.

Lẹ́yìn igbó náà, mo dé Ìlú Adúró-ṣèbòòji. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti ríran, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Ní ìlú yìí kò sí igi, kò sí koríko. Gbàmáfún ti tọrọ tiwọn lọ pátá. Nígbà tí oòrùn fẹ́ jó wọn pa, wọ́n pín ara wọn sí méjì. Ìdajì ìlú á dìde dúró, wọ́n á na apá méjèèjì sókè, wọ́n á fi aṣọ bò ó, ìdajì yòókù á jókòó sábẹ́ wọn. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀. Mo rí ọkọ tó ṣe ìbòòji fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sì ń pariwo mọ́ ọn pé kó gbé apá òsì sókè dáadáa, oòrùn ń ta òun nídìí etí. Mo rí ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ baálẹ̀, ẹnì kan kò lé e.

Oyèkànmí ni baálẹ̀ náà ń jẹ́. Ó kí mi láìsọ apá kalẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, tóo bá débẹ̀ tóo bá sì padà, kóró ọsàn kan péré ni kóo bá wa mú bọ̀. Ọ̀kan péré. Apá ń ro wá."

Mo gbá àyà. Mo ní igbó ọsàn odindi ni n óò gbìn fún wọn. Inú wọn dùn débi pé ènìyàn méjìlá ló dúró ṣe ìbòòji fún èmi nìkan títí mo fi jẹun tán.

Lẹ́yìn ìlú yẹn ni òkun. Kò sí ọkọ̀, kò sí afárá. Ewé òṣíbàtà ló tẹ́ lọ láti etí òkun dé erékùṣù tó wà láàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹní. Tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan, ewé náà á bèèrè pé, "Ta ní ń tẹ̀ mí?" Oríkì tí o kò tíì dá rí ni kí o fi dáhùn, bí o bá tún èyí tí o ti sọ sọ, omi ló kàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti kọ́kọ́ lọ, egungun wọn ń funfun nísàlẹ̀ omi, nítorí onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, ọgọ́jọ ewé ni, mo sì dé òdìkejì, oríkì mi ò tíì tán. Mo ní èmi ni Abìjàwàrà tí í já ìwo lórí ẹfọ̀n. Mo ní èmi ni Ajáwọ̀-ẹkùn-fi-bo-ọmọ. Mo ní èmi ni Ọkọ Ọlátóún tí kì í jẹ ọbẹ̀ àná. Ewé tó kẹ́yìn sọ pé òun kò bi mí mọ́, kí n ṣáà máa lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn, ọgbà ló gba gbogbo erékùṣù náà. Òjò máa ń rọ̀ sí i láàárọ̀, oòrùn á ràn sí i lọ́sàn-án, kò sí ohun tí kì í hù níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ga jù mí lọ. Ata rodo so ó ń pọ́n yòò. Mángòrò, àgbálùmọ̀, gúrọ́fà, ìyeyè, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ló so títí ẹ̀ka wọn fi ń kan ilẹ̀. Àmọ́ òórùn ìdíbàjẹ́ ló gba ibẹ̀ kan, nítorí èso ń jábọ́, ó ń rà sí ìdí igi, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Láàárín ọgbà náà ni igi kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọgbà. Gbòǹgbò rẹ̀ àti ti àwọn igi yòókù kọ́ra wọn lọ́wọ́ lábẹ́ ilẹ̀, òun ló di erékùṣù mú tí òkun kò fi gbé e lọ. Gbàmáfún jókòó sídìí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ, ó dì mọ́ gbòǹgbò igi náà.

Ó ní, "Ta nìyẹn? Kí lo wá tọrọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ, yóò ṣe bí ọ̀bọ. Mo ní, "Bàbá, n ò wá tọrọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ni mò ń wá. Mo mọ igi gùn, mo sì mọ ẹ̀ka gbígbẹ gé."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà níbẹ̀, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò wá tọrọ. Kó tó gbà mí ṣáá, ó ní kí n ro ebè koríko kan. Koríko náà jẹ́ irú èyí tó ń hù padà lẹ́yìn ọkọ́, tó sì ń fi ẹni tó ń ro ó rẹ́rìn-ín. Mo ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ mi bó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sọ ìtàn bí Ìbíwùmí ṣe kú fún koríko náà ní ìdákẹ́jẹ́, ó dákẹ́ ẹ̀rín, ó sì sùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo bi Gbàmáfún lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í jẹ èso rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá jẹ ẹ́, á tán." Mo ní kó wá fún àwọn ẹlòmíràn. Ó fi irùngbọ̀n rẹ̀ nu ojú, ó ní, "Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ tó mi. Ṣe ni wọ́n máa ń sè é."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi kan, òórùn kan sì kọ lù mí. Efinrin Ọlátóún ni. Efinrin pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí ni mo ti ń gbóòórùn láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyàwó. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sunkún títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹnì kan nínú yín á ní kí ló dé tí n kò já a kí n sá lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n òkú ni mo búra lé lórí, kì í ṣe efinrin. Mo nu ojú, mo gun igi lọ.

Bí mo bá gun igi kan, n óò gé ẹ̀ka gbígbẹ kan ju sílẹ̀ kí ó lè rí i. Lẹ́yìn náà n óò mú èso àfòmọ́ kan látinú àdó, n óò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka tútù. Ọ̀kan fún mángòrò. Ọ̀kan fún ọsàn. Mo fi mẹ́tàlá lẹ Ìyá Ọgbà lára, mo sì ń pe orúkọ ọmọ mi bí mo ti ń lẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀ náà kì í fi àkókò ṣòfò, ohun tó ń gba ọdún mẹ́ta níbòmíràn, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi ń ṣe é. Àfòmọ́ yọjú, ó tanná pupa, ó gbilẹ̀. Gbàmáfún kọ́kọ́ yọ̀. Ó rò pé irú ewé tuntun ló dé tí òun kò tíì ní! Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó máa mọ̀, mángòrò ti gbẹ láti òkè wá. Irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ewé tó fẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde, nítorí ohun tó ń ṣe Ìyá Ọgbà ló ń ṣe òun náà. Ó ké sí mi pé, "Ọmọ mi, gùn ún! Gùn ún, kóo bá mi gé e kúrò!"

Mo gbé àpótí, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní, "Èmi kọ́ ni ọmọ rẹ. Ìbíwùmí ni ọmọ tèmi. Òkè-Ìṣápá ni mo ti wá. Ìyàwó mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé efinrin fún ọ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "N ò mọ̀ pé ọmọ á kú. Ewé ni mo fẹ́, n ò fẹ́ òkú." Ó na ìka sí àká kan tó wà lẹ́yìn mi. "Gbogbo irúgbìn tí mo gbà wà níbẹ̀, nínú akèrègbè. Ẹ̀mí wọn wà lára wọn. Kó o. Kó gbogbo rẹ̀, kóo máa lọ sílé. Ìyá Ọgbà nìkan ni kóo bá mi gé àfòmọ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n máà purọ́ fún yín, iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Láti àárọ̀ sí ọ̀sán, n óò ti gé e tán. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí ojú ọmọ mi bó ti ń bèèrè omi. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Mo ní, "Kú." Mo bó ọsàn kan, mo ń mu ún níwájú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í. Tó bá ti ń sùn, n óò pe orúkọ Ìbíwùmí sí i létí kó lè jí. Dídùn ló dùn mọ́ mi, oyin ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi rin tẹ̀tẹ̀," ó sì kú.

Ẹ ti pàtẹ́wọ́ tán? Ẹ jẹ́ kó tán lọ́wọ́ yín.

Bí Ìyá Ọgbà ti kú, gbòǹgbò jáwọ́ lára gbòǹgbò. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, omi iyọ̀ ń ru sókè. Àká irúgbìn wà lápá ọ̀tún mi, òkú Gbàmáfún wà lápá òsì. Gbogbo ọdẹ tó wà níbí mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa: ọdẹ tó perin tí kò gé ìrù rẹ̀ wálé, irọ́ ló pa. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, n kò dé ilé rí láìmú ẹ̀rí dání. Ọwọ́ mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Òsì ló lọ. Mo ní kí n kàn gé irùngbọ̀n yìí ná, n óò kó irúgbìn lẹ́yìn rẹ̀. Irùngbọ̀n náà yi bí okùn, ó so mọ́ gbòǹgbò, mo ń gé e, mo ń gé e. Nígbà tí ó já tí mo yíjú padà, àká ti wó sínú òkun. Mo rí àwọn akèrègbè tó ń léfòó lórí omi, omi iyọ̀ ń wọ inú wọn, wọ́n ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Efinrin Ọlátóún wà lára odi tó kẹ́yìn. Mo sáré sí i, odi náà wó.

Àwọn òṣíbàtà ò bèèrè orúkọ mi nígbà tí mo ń padà. Ní Ìlú Adúró-ṣèbòòji, gbogbo wọn sáré wá pàdé mi, apá wọn wà nílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo na irùngbọ̀n sókè. Mo ní, "Ó ti kú!" Wọ́n hó yèè. Baálẹ̀ Oyèkànmí dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ọdẹ, o ṣeun. Kóró ọsàn ńkọ́?" Ọsàn tí mo mu níwájú Gbàmáfún, mo ti tu kóró rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wò mí, ó sì gbé apá rẹ̀ padà sókè.

Nílé níbí, gbogbo ìlú ló jáde. Àwọn obìnrin gbé agbọ̀n àti igbá dání. Mo jó ijó ọdẹ wọ̀lú, mo gbé irùngbọ̀n lé èjìká, mo ń pariwo pé mo ti gbẹ̀san, mo ti gbẹ̀san. Wọ́n bá mi yọ̀. Ìyá Mosúnmọ́lá la àárín wọn kọjá, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, orí ọmọ náà ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò mi, ó wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá igun rẹ̀ méjèèjì, ó yí àpò náà síta.

Ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, ewé dà?"

Mo na irùngbọ̀n sí i.

Ó gbà á, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. "Ẹ kú ìrìn," ó ní, ó sì yí padà lọ sílé. Ọlátóún ìyàwó mi bá a lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn obìnrin ìlú yìí fi ń rìn lọ sí ìlú òkèèrè, tí wọ́n ń tọrọ irúgbìn, kí ọgbà tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó pọ̀ jù yìí tó tún hù. Ẹ bi mí bóyá inú mi dùn pé Gbàmáfún kú. Inú mi dùn. Bó bá jí lónìí, n óò tún pa á, n óò sì tún jókòó tì í. N kò lè tọrọ àforíjì fún ìyẹn, ẹ má sì ṣe bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo lọ gbẹ̀san fún kò jí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó yẹ kí n gbà là wà láàyè nígbà tí mo dé.

Ìyá Mosúnmọ́lá kò ṣépè fún mi rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kò pọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, ẹ mú ọkọ́ yín. Ẹ wá bá mi gbẹ́lẹ̀."

Mo mú ọkọ́, mo tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Òjò ti dá, ẹ máa lọ sílé.